Ẹ̀fọ́ wo ló yẹ ẹ̀yìnkùlé yín l'Óṣogbo? Ìfiwéra láti àkọ́rọ̀ dé ọ̀yẹ́

Ọdún kan wà tí mo sọ ike ìfami sínú kànga ilé wa ní ìparí oṣù kejì, tí ohun tó dá mi lóhùn kì í ṣe omi. Gbàgà! Òkúta ìsàlẹ̀ ni. Lẹ́yìn mi níbẹ̀, ebè ewédú mẹ́ta ti dorí kodò. Mo ti ra ìgbẹ́ adìyẹ, mo ti ra irúgbìn, mo tún ti fọ́nnu fún ìyá ọkọ mi pé ewédú ọgbà mi la ó fi jẹ àmàlà bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n dé lóòótọ́. Ọjà-Ọba ni mo ti lọ ra ewédú. Wọ́n wo ebè, wọ́n wo àwo, wọ́n ní, "Ìyàwó, ewédú rẹ dùn o. Ta ló bá ẹ gbìn ín?"

Látọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí ọ̀fun yan ẹ̀fọ́ fún mi mọ́. Kànga ló ń yàn án. Oríṣi mẹ́fà ni mo ti gbìn lẹ́yìnkùlé yìí, ní apá Òkè-Baálẹ̀, àwọn kan yè, àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ yòkòtò, ùgú, ewúro àti gbúre. Ẹni tó ní oko ńlá kò nílò ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju àárín ògiri ilé sí ògiri ọgbà lọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Omi ni àkọ́kọ́. Ebè tó gùn ní mítà 3, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, a máa mu tó lítà 15 lójúmọ́ nígbà tí ọ̀yẹ́ bá mú. Ẹ lọ wo kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó wà nílé yín: ó ju ìlàjì rẹ̀ lọ, fún ebè kan ṣoṣo. Ebè mẹ́ta á mu lítà 45, ó ku díẹ̀ kó pé kẹ́ẹ̀gì méjì, lójoojúmọ́, láti ìgbà tí òjò bá ti dá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Ó lé ní oṣù mẹ́rin. Ẹni tó ní bọ́hóòlù lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fa kànga, tàbí tó ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi, kó jókòó ṣírò rẹ̀ kó tó gbé ọkọ́.

Ìkejì ni iye ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ fi ń dé inú ìkòkò, àti iye ìgbà tí a lè gé e kó tó kú. Ìkẹta ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, nítorí kí ẹ tó kà á tán, ó lè ti yí padà. Mo kàn máa sọ èyí tó wọ́n ju èyí lọ. Ìkẹrin ni wàhálà: kòkòrò, adìyẹ ará ilé kejì, àti ewúrẹ́ àdúgbò tí kì í ní olówó títí ọjọ́ tí ẹ bá sọ òkúta lù ú.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí bí òjò ṣe ń ṣe nílùú wa. Àkọ́rọ̀ ń dé ní ìparí oṣù kẹta tàbí nínú oṣù kẹrin, òjò á wá máa le sí i títí dé oṣù keje. Nínú oṣù kẹjọ, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀, àkókò ọdún Ọ̀ṣun gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí òjò á tún bẹ́ sílẹ̀ kó tó dágbére. Àmì tí mo fi ń mọ ọjọ́ tó yẹ kí n gbé ọkọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni Ìwọ́pópó. Bí wọ́n bá ti jó Ìwọ́pópó la ìgboro kọjá, tí ọdún Ọ̀ṣun sì ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ tún rọ̀ fún gbígbìn. Wọ́n ń tún pópó ṣe fún ọdún, èmi náà ń tún ẹ̀yìnkùlé ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ku nípa omi. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sódò lè máa rò pé Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, kí ló kan òun kan kànga tó gbẹ. Ẹ rọra. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí omi amọ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà lókè odò. Amọ̀ nìkan kọ́ sì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dà sínú omi. Òjé àti mẹ́kúrì kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Mi ò ní fi rin ẹ̀fọ́ tí àwọn ọmọ mi máa jẹ.

Tẹ̀tẹ̀: ti ẹni tó ń kánjú

Kò sí ẹ̀fọ́ tó yá jù ú lọ nínú àwọn mẹ́fà yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó fà. Irúgbìn rẹ̀ kò wọ́n rárá, ẹ sì lè gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò tó bá jẹ́ kí tirẹ̀ so. Ó kéré bí iyanrìn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn fi máa ń rí i kó hù bí irun orí níbì kan, kí ibòmíràn sì pá. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ni mo fi ń wọn ti ebè kan, màá pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ tó kún agolo mílíìkì, kí n tó máa fọ́n ọn.

Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Mo ti rí i tó tẹ́ o, nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Láti òkè, ewé rẹ̀ kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni, mo rò pé ebi ìgbẹ́ adìyẹ ló ń pa á. Ìgbà tí mo yí ewé kan padà ni mo rí i: abẹ́ rẹ̀ ti rí tó-tò-tó, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun tọ́ ọ. Àrùn tó máa ń bá ọ̀rinrin rìn ni. Bí ẹ̀fọ́ bá fún pọ̀ jù, tí atẹ́gùn kò ráyè kọjá, á ràn láti ìdí kan dé ìkejì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn tí mo máa ní kí ẹ rà fún un. Ẹ fa èyí tí kò tíì mú, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ fa èyí tó ti mú, ẹ jù ú nù jìnnà. Nígbà mìíràn ẹ máa já a kó fẹ̀, kí ẹ sì máa bu omi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe sí ewé nírọ̀lẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn yìí kì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò ló kàn. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan wà tó máa ń ká ewé mọ́ra bí ẹni ká ẹní, tó máa fi okùn bíi ti aláǹtakùn dì í, tó máa wà nínú ibẹ̀ máa jẹun bí onílé. Bí ebè kò bá ju méjì lọ, ọwọ́ ni oògùn rẹ̀: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pa láràárọ̀. Ewé dóńgóyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ sí, náà ń lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn tí wọ́n ń fín sílé fún ẹ̀fọn àti aáyán sára ẹ̀fọ́ tí ẹ máa sè lọ́jọ́ kẹta. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò inú ike kékeré tí àwọn kan ń dà sẹ́fọ̀ọ́, NAFDAC ti fòfin de títà rẹ̀ láti 2019.

Ìṣirò mi lórí tẹ̀tẹ̀: ọjọ́ 28 ní lítà 15 jẹ́ lítà 420, bíi kẹ́ẹ̀gì 17, fún ebè kan. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òpin. Bí ẹ bá fọ́n ọn ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá, òjò tó kù nílẹ̀ ló máa gbé ìdajì ẹrù náà, ẹ ó sì ti jẹ ẹ́ tán kí ọ̀yẹ́ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ kò bá fẹ́ fà á tu, ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀, á tún rúwé.

Ewédú: olólùfẹ́ tó ń já ni kulẹ̀

Òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ti dójú tì mí jù. Olórí kunkun ni irúgbìn rẹ̀: èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọnú rẹ̀. Bí ẹ bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ á hù lọ́sẹ̀ yìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyókù á máa sùn. Ohun tí màmá mi kọ́ mi nìyí. Ẹ di irúgbìn náà sínú àkísà fúlẹ́fúlẹ́ tó mọ́. Ẹ gbé omi kaná; bó bá ti hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ti àkísà náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ẹ fà á yọ, kíá, ẹ tì í bọ inú omi tútù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé pẹlẹbẹ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì fọ́n ọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá gbàgbé àkísà sínú omi gbígbóná nítorí pé fóònù dún, irúgbìn sísè ló máa gbìn. Ó ti ṣe mí rí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń bomi rin ebè tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bó bá hù tán, ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó tó gé, ó sì lè fún wa lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bí ilẹ̀ bá lọ́ràá. Tẹ̀tẹ̀ yá jù ú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi tẹ̀tẹ̀ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, àbí ó wà?

Ibi tó ti ń já ni kulẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn, omi nìkan kọ́ sì ló fà á. Ewédú mọ gígùn ọjọ́. Òru oṣù kejìlá àti ti oṣù kẹfà l'Óṣogbo kò fi wákàtí kan ju ara wọn lọ, àwa kì í sábàá kíyè sí i, ṣùgbọ́n òun kíyè sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ń tètè ṣú, ó gbà pé ọdún ti parí, á yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, á so, igi rẹ̀ á le, ewé á dáwọ́ dúró. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù karùn-ún lè ga dé ìgbáròkó kó tó rántí òdòdó. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kọkànlá lè máa so nígbà tí kò tíì ju orúnkún lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbẹ́ adìyẹ ló ku díẹ̀ fún ewédú ẹ̀ẹ̀rùn yín, ẹ má fi owó yín dá a lóhùn.

Ẹ tún bi ẹni tó ń ta irúgbìn bóyá Amúgbádù ni tàbí Oníyàyá, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà lójú ẹni tó mọ ewédú, àwọn tó ń tà á sì máa ń pò wọ́n pọ̀ bí ẹ kò bá béèrè. Fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí tó ń kọjá níbẹ̀, NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, jẹ́ ibi tó dára láti béèrè irúgbìn tó mọ́.

Ìdájọ́ mi: ewédú, ti àkọ́rọ̀ ni. Ẹ gbìn ín láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, ẹ jẹ ẹ́ títí yóò fi sú yín, ẹ sá èyí tó kù sí òjìji kó gbẹ, ẹ gún un pamọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí àwọn aláàkùrọ̀ ṣe wàhálà rẹ̀.

Ṣọkọ yòkòtò

Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ọkọ di yòkòtò. Èmi kò tíì rí i kó mú ọkọ mi sanra, bóyá n kò gbìn ín tó.

Ó ń gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje kó tó délé. Ó pẹ́ ju tẹ̀tẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gé orí rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀ka lọ́tùn-ún lósì, ó sì máa ń wà pẹ́. Omi tó ń mu kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ̀tẹ̀, àfi pé ó ń mu ún fún ọjọ́ tó ju ti tẹ̀tẹ̀ lọ. Ìyẹn ni mo kà sí i lọ́rùn. Ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé ó ń fara da òjìji díẹ̀, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán ni mo máa ń fi sí.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bó bá ń rọ tí kò dàgbà, ẹ fa ọ̀kan tu, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó kéékèèké lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, aràn inú ilẹ̀ ti gba ibẹ̀. Ṣọkọ fẹ́ràn àlejò yẹn púpọ̀, ewédú náà sì ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ má gbìn wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí ebè kan náà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà sinmi nínú oòrùn fún sáà kan.

Ùgú: ó wọ́n lọ́wọ́, ó pẹ́ lọ́gbà

Ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò ló ti wá bá wa, ó sì ti di ọmọ ilé. Kò sí ilé tí mo wọ̀ l'Óṣogbo báyìí tí wọn kì í ro ẹ̀fọ́ ùgú, tàbí kí wọ́n fún omi rẹ̀ mu pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fi kún ara.

Òun ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọ́n jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Odindi èso rẹ̀, tó tóbi bí orí ọmọdé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ẹ máa rà, hóró inú rẹ̀ lẹ ó sì gbìn. Àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ là á fún yín wò, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò gbó á jẹrà nínú ilẹ̀. Hóró rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń sá gbẹ dọdún tó ń bọ̀ bí ti ewédú. Bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Ẹ gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá là á. Ẹ óò tún bá ọ̀rọ̀ akọ àti abo pàdé: abo ló ń ní ewé ńlá, òun ló ń pẹ́, akọ á tètè yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì kéré. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ akọ nígbà tó ṣì jẹ́ hóró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn gbìn ju iye tí ẹ fẹ́ lọ.

Ibi tó ti borí àwọn yòókù ni pé ìdí kan ló ń mu omi, kì í ṣe gbogbo ebè. Ìdí mẹ́rin tí mo gbìn ní mítà kan síra wọn, tí mo fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, kì í gbà ju lítà 10 lọ lọ́wọ́ mi lójúmọ́, wọ́n sì ń fà lórí okùn tí mo so mọ́ ọ̀pá títí dé òrùlé ilé ìdáná. Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ẹ ó sì máa padà bá a ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sí ara wọn. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀kan jẹ ìdí méjì nínú tèmi láàárín ìgbà tí mo wọlé lọ gbé iyọ̀.

Ewúro: ọ̀lẹ kò lè pa á

Mo fẹ́ràn ewúro ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ má sọ fún ìyá ọkọ mi. Owó rẹ̀ kò sí: ẹ lọ bẹ ará ilé kejì, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó gbó díẹ̀, tó gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé, ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ ilẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Ojú tí ewé ti ń yọ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ ti ń já a. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í bá yín du omi kànga mọ́. Nínú ọ̀yẹ́, yóò máa tan òdòdó funfun nígbà tí gbogbo ebè tó kù ti rọ. Òdòdó yẹn máa ń mú kí ewé dín kù. Ẹ gé orí rẹ̀ lulẹ̀, á tún rúwé tútù.

Àǹfààní mìíràn tí àwọn èèyàn kì í kà ni pé ewúro jẹ́ ọgbà. Bí ẹ bá tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra, tí ẹ ń gé e déédéé, á dí ojú ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń yọjú wo inú ilé yín, á sì gba erùpẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí àgbàrá ń wọ́ lọ. Ilé tó wà lórí òkè nílò rẹ̀ púpọ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, á tún hù. Ohun tí kò dára lára rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀fọ́ ojoojúmọ́, àwọn ọmọ á sì máa tutọ́ ọ sílẹ̀ títí wọn yóò fi di àgbà.

Gbúre

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ gbìn ín. Ẹ já ọ̀pá rẹ̀, ẹ tì í bọ ilẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ kò ti ń kọjá ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin wà, òjìji ò ní pa á. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìkòkò gbúre fi ń kún lórí iná, tó sì ń di ṣíbí méjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dára láti fi pò mọ́ ùgú. Òun nìkan, rárá.

Fún àwọn tí ilẹ̀ wọn ti di íńtálọ́ọ̀kì

Àpò ìrẹsì tí a da ilẹ̀dú sí ń ṣiṣẹ́, pàápàá fún tẹ̀tẹ̀ àti ìdí ùgú kan-kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ọ̀yẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu omi rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ẹ máa bomi rin ín, nígbà tí ilẹ̀ gidi lè fara da ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má wa erùpẹ̀ àatàn sínú rẹ̀ nítorí pé ó dúdú. Bátìrì àti ọ̀rá tó ti jóná wà nínú dúdú yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ jẹ́ kí ó ti wà nílẹ̀ ní bíbò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ yín á sun gbòǹgbò.

Ta ni kó mú èwo?

Ayálégbé tí kò mọ̀ bóyá òun á ṣì wà nílé náà lọ́dún tó ń bọ̀, kó gbìn tẹ̀tẹ̀, nínú oṣù karùn-ún àti nínú oṣù kẹwàá. Kò náwó, kò pẹ́, kò ní bá onílé fà á.

Ẹni tó ní bọ́hóòlù, tó ní ọgbà tí ewúrẹ́ kò lè wọ̀, tó sì ní ẹnu púpọ̀ láti bọ́, kó mú ùgú. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á dùn ún fún oṣù kan péré. Kó fi ṣọkọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ó máa fi ìkan pààrọ̀ ìkejì nínú ọbẹ̀.

Ẹni tí kànga rẹ̀ ń gbẹ bíi tèmi, kó gbin ewúro sí etí ọgbà kí òjò ọdún yìí tó parí, kó fọ́n tẹ̀tẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní àrọ̀kúrò, kó sì jáwọ́ lọ́rọ̀ ebè títí dé àkọ́rọ̀. Ní oṣù kẹrin, ewédú.

Ẹni tó ń rìnrìn-àjò lójú méjèèjì, tó ń lọ Èkó lọ́jọ́ Ajé tó ń dé lọ́jọ́ Ẹtì, ewúro ni tirẹ̀, gbúre ni àbúrò rẹ̀. Àwọn yòókù nílò ẹni tó ń wò wọ́n láràárọ̀.

Àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn kò gbà wọ́n láyè láti bẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹ bá wọn gbìn ùgú sínú àpò lórí pèpéle, kó máa fà lórí okùn níwọ̀n àyà wọn. Ìyá ọkọ mi ní méjì báyìí ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá gé nínú rẹ̀, kí n sì má gbàgbé láti sọ fún ọkọ mi ẹni tó gbìn ín.